Ìyá Àmì àti Ọ̀rọ̀ tí Kò Lámì

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Àmì, orúkọ náà sì bá a mu. Àwa méjèèjì la jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, máṣíìnì tèmi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ sì wà láàárín wa. Bí sísọ́ọ̀sì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹnu gúnlẹ̀, àlejò ń bọ̀ nìyẹn. Bí òwú bá lọ́ mọ́ra nídìí máṣíìnì, ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níbì kan. Bí oníbàárà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bá wọlé lọ́jọ́ kan, kò tún ní gé aṣọ mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Mo máa ń bi í pé, "Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ọ́ ńkọ́, àmì kí nìyẹn?" Á ní, "Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ, Àǹtí Kanra. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tẹ́ ẹ máa gbà." Àǹtí Kanra ni àdúgbò ń pe èmi náà. Ẹni tó bá ń sọ ará ilé lórúkọ, ará ilé á sọ òun náà lórúkọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí í ṣe ọ̀gá mi, ẹ̀rín ló máa ń rín sí ohun gbogbo. Ó lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, ó ní òun lá a pé eyín òun kan bọ́ sí òun látẹ́lẹwọ́, kò sì ṣẹ̀jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ fọ ẹnu, bóyá eyín náà á padà sáyè rẹ̀. Ọkọ náà rẹ́rìn-ín, ó gbéra ìrìn àjò. Ọkọ̀ náà dojú dé kó tó dé ibi tó ń lọ, ọkùnrin náà kò sì jáde nínú rẹ̀ láàyè. Oyún ọmọ rẹ̀ ti wà nínú ìyàwó nígbà náà, kò tíì hàn síta. Àlá kan ṣoṣo yẹn ló bà á jẹ́. Ó dájú pé ó ti lá ẹgbẹ̀rún àlá mìíràn tí kò ṣẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí àlá tí kò ṣẹ? Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé nǹkan kan kò tún ní bá òun lójijì mọ́ láyé.

Nígbà tó bí ọmọ náà, ó fún un lórúkọ gidi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn bí kò ṣe tíṣà. Ẹyinjú ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Ẹyinjú, wá jẹun. Ẹyinjú, rọra sáré. Gbogbo wa bá a pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Òun ló sì ń bá wa fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Bó bá ti tiléèwé dé, á sọ àpò ìwé sórí àga, á gba òwú lọ́wọ́ mi, á fi ètè tọ́ ṣóńṣó òwú wò, á sì tì í bọ ihò abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á wá wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé, "Àǹtí, ṣé èyí tó le jù nìyẹn?" Èmi tí mo ní láti na abẹ́rẹ́ dé ọ̀nà jíjìn kí n tó rí ihò rẹ̀, ìlara ọmọ náà a máa ṣe mí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀, aṣọ àga la ń rán fún ilé ìtura kan, aṣọ tó nípọn bí awọ bàtà. Ìyá Àmì ti ṣẹ́ ẹ po níbi igun, ó ń fi ipá tì í bọ abẹ́ máṣíìnì. Ẹyinjú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ó tẹrí ba lórí èjìká ìyá rẹ̀, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ. Mo gbọ́ tí abẹ́rẹ́ dá. Abẹ́rẹ́ dídá kì í ṣe ohun tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù wa, n kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìgbà tí n kò gbọ́ ìró máṣíìnì mọ́ ni mo tó wò wọ́n. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú òsì. Kò ké rárá. Ó ní, "Màámi, nǹkan kó sí mi lójú," bí ẹni pé eruku ni.

Ní ọsibítù, wọ́n yọ ṣóńṣó abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì rán ibi tó gún. Dókítà ojú tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó pe èmi àti ìyá ọmọ wọ yàrá rẹ̀. Ó ní ojú òsì ti kú, òun tan iná sí i títí, kò mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Ó ní ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ojú tí nǹkan bá gún báyìí, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ara fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú jà, kò sì ní mọ èyí tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó ṣì yè.

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Èyí tó ti bàjẹ́ yìí lè kó bá ìkejì. Kì í ṣẹlẹ̀ sí gbogbo èèyàn, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ọmọ yìí lè má ríran mọ́ rárá. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó yẹ ká ti yọ ẹyinjú yẹn."

Dókítà kò mọ ohun tó wí.

"Kí lẹ fẹ́ yọ?"

"Ẹyinjú," ni dókítà tún wí, ó fi ìka tọ́ka sí ojú ara rẹ̀. "Ẹyinjú kan."

"Ẹyinjú kan ṣoṣo ni mo ní," ni Ìyá Àmì wí.

Èmi ni mo ṣàlàyé orúkọ ọmọ fún dókítà. Ó ní ká máa bínú, ó sì rọra ti fọ́ọ̀mù tí ìyá á fọwọ́ sí síwájú rẹ̀. Mo rò pé yóò kọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mú báírò, ó gbé e lé ìwé. Báírò kò kọ. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fà á, ìwé ló ń họ. Báírò tí wọ́n ti fi ń kọ̀wé kiri ọsibítù náà láti àárọ̀! Dókítà ti ń na ọwọ́ mú òmíràn, àmọ́ Ìyá Àmì ti dìde. Ó ní, "Wọ́n ti dá mi lóhùn," ó sì jáde.

Mo lé e bá ní kọ́rídọ̀. Inú ń bí mi débi pé etí mi ń hó. Mo ní, "Ta ni 'wọ́n'? Yíǹkì ló tán nínú báírò! Igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Èyí ti gúnni lójú ná, o ṣì ń wò ó láti òkèèrè!" Kò bá mi jà. Ó kàn fara ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "tí wọ́n bá gbé e wọlé tí kò bá jí mọ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tèmi ló fọ́ ọ lójú. Ṣé èmi náà ni màá tún fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́?"

Ojú kan ṣoṣo làdá ní, ó sì fi ń ṣá igbó. Mo ti ní in lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbé e mì. Ìyá tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ṣe ọmọ òun léṣe kò nílò òwe.

Láti ìgbà náà ló ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ń wá àmì bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ nù. Kì í jẹun àfi tí mo bá dúró tì í. Ẹyẹlé bà lé fèrèsé, ó bi mí pé ẹyẹ mélòó ni, apá wo ló kọjú sí. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, bàtà rẹ̀ ń dún ní ẹsẹ̀ òsì nìkan, ó di ọ̀rọ̀. Agbálẹ̀ kan wà ní wọ́ọ̀dù náà tí wọ́n ń pè ní Má-bẹ̀rù. Ọjọ́ tí Ìyá Àmì gbọ́ tí wọ́n pe ọkùnrin yẹn lórúkọ, tó sì jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ẹyinjú ló ń gbá lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú le-le. "Ẹ gbọ́? Má-bẹ̀rù!" N kò ní ọkàn láti sọ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi, pé eku ló sáré kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó fi gun orí tábìlì, tí wọ́n fi fún un lórúkọ yẹn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ó sì tún ń bí mi nínú. Àwọn méjèèjì lè wà nínú èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Dókítà ń wá lójoojúmọ́. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàlàyé, ó ń kìlọ̀. Ìyá Àmì á ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i." Ó ń retí kí ẹnì kan tó ju dókítà lọ sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo rí i tó ń sáré bọ̀, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn. Mo rò pé ọmọ ti kú. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá wá bá mi! Màámi wá bá mi lójú àlá!"

Ọ̀gá ti kú láti ọdún pípẹ́. Mo fà á jókòó, mo ní kó mí dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Nídìí tábìlì ìgéṣọ yìí gan-an ni wọ́n dúró sí," ó ní. "Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kan, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: BA MI YO. Wọ́n wá fa òdo rọ̀bọ̀tọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n sì lọ. Àǹtí mi, 'bá mi yọ̀' ni wọ́n kọ! Ẹ bá mi yọ̀! Òdo yẹn, ojú ọmọ mi ni. Ó ti pé, ó ti di odindi!"

Kí n má purọ́, inú èmi náà dùn fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbúròó Ọ̀gá. Mo tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe 'bá mi yó'? Bóyá ebi ló ń pa Ọ̀gá níbi tí wọ́n wà." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. N kò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ ti dá, n kò sì lè bá a jiyàn lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ló gbé ọmọ kúrò ní ọsibítù. Dókítà ní kó kọ̀wé sílẹ̀ pé òun ìyá ọmọ ló kọ iṣẹ́ abẹ náà. Báírò tó fi kọ ìyẹn kọ geere, mo dúró síbẹ̀, mo rí i. Kò pè é ní àmì.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, ó ń rọ́ àlá náà fún ọmọ. Ẹyinjú ń gbọ́, báńdéèjì wà lójú rẹ̀ kan. Nígbà tí ìyá rẹ̀ parí, ó bi í pé, "Màámi, ṣé Màmá Àgbà fi àmì sórí ẹ̀?"

"Àmì wo?"

"Àmì ohùn. Dò àbí re àbí mí. Tíṣà wa ní ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, bó ṣe wu kálukú ló máa kà á."

"Màmá Àgbà ò lọ sí iléèwé yín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Fẹ̀yìn tì, kó o sinmi."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. A kò ka ọ̀rọ̀ ọmọ náà sí.

Ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà dá pé, ó sì kọjá. Ìyá Àmì kò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń tọ́jú ọmọ, ojú rẹ̀ sì ti ń dáa. Bí mo bá lọ wò wọ́n, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dá mi lóhùn, á ní ọmọ ń sùn. Mo wá ń dá ṣiṣẹ́, mo ń pe ara mi ní òṣìkà nígbà mìíràn pé n kò bá ọ̀rẹ́ mi yọ̀ dáadáa.

Ó wá di ọjọ́ kan tí mo tú ìdì aṣọ àga tó ṣẹ́ kù, mo rí i pé kòkòrò ti jẹ ibì kan lára rẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa òdo yí ojú ibẹ̀ po, mo kọ YO sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò rò ó, ọwọ́ mi ló ṣe é. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ibi tí kòkòrò bá ti wọ aṣọ, fa òdo yí i ká, kọ YO sí i, kí ẹni tó bá fẹ́ gé e yọ ọ́ kúrò, torí bí a bá fi í sílẹ̀, yóò jẹ dé ibi tó dáa.

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá kò kọ orin sára aṣọ rí. Kò kọ ẹ kú àárọ̀ sára aṣọ rí. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yẹn, ohun tó bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ, iṣẹ́ ló fi rán ẹni tó di sísọ́ọ̀sì mú. Gé. Dín in kù. Yọ. Ìyá Àmì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́ ọ̀gá kan náà la ti jáde, ìyá rẹ̀ ni! Ó mọ̀ ọ́n kà lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣe pàtàkì.

N kò ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí n kò gba àlá gbọ́, èmi ni mo ń sáré láàárín ọ̀nà lọ túmọ̀ àlá. Ara mi ń sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni mí, ẹsẹ̀ mi kò dúró.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, lórí àjà kejì. Mo ti ilẹ̀kùn, n kò dúró kí ẹnikẹ́ni dá mi lóhùn. Òkùnkùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Wọ́n ti fi aṣọ àga tó nípọn yẹn ta fèrèsé pa, Ẹyinjú sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iná ò fi bẹ́ẹ̀ bá a lára mu, wọ́n ní bí ojú bá ń jinná bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." N kò bi í pé àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un láìjókòó. Mo ní, "Nígbà wo ni Ọ̀gá kọ 'bá mi yọ̀' sára aṣọ rí? Dá mi lóhùn. Tí Ọ̀gá bá fa òdo sára aṣọ, kí la máa ń ṣe sí inú òdo yẹn?"

Ó dá aṣọ kíká dúró. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọlé sí i lára, mo sì rí i tó tì í padà síta.

"Ẹ jáde nílé mi."

"Yọ ọ́ ni wọ́n ní kó o yọ ọ́!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi àmì mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún yìí wá, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa túmọ̀ àlá ìyá mi? Ẹ fẹ́ kí n gbé ọmọ mi fún wọn kí wọ́n pa á? Ojú ẹ̀ ti ń dáa! Ẹyinjú, fi hàn wọ́n." Ó fa dúrọ́ọ̀ kan yọ, ó kó abẹ́rẹ́ àti òwú jáde, ó kó wọn lé ọmọ lọ́wọ́. "Fi bọ̀ ọ́ kí Àǹtí rẹ rí i."

Ọmọ náà mú abẹ́rẹ́. Ó fi ètè tọ́ ṣóńṣó òwú wò bó ṣe máa ń ṣe. Ó tì í, òwú gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó tún tì í. Ó gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà bíi tèmi, ó tún tì í, ó fi gún ara rẹ̀ nìka. Ìyá rẹ̀ ní, "Òkùnkùn yìí ni," ó lọ fa aṣọ fèrèsé ya sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oòrùn wọlé.

Igbe tí ọmọ náà ké, kò ké irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un. Ó fi apá méjèèjì bojú, ó ká ara rẹ̀ jọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré da aṣọ náà padà. Nígbà tí mo rí apá rẹ̀ gbé kúrò lójú, ojú ọ̀tún tó dáa náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, omi ń dà lára rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ló yí orí sí. "Inú yín ń dùn, Màámi. Ẹ ti ń jẹun. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

Ìyá rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń wò ó.

"Màámi, ẹ má bínú," ni ọmọ náà wí. "Ó ń dùn mí. Ẹ bá mi yọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó bi í pé dò ni àbí re. Ìyá Àmì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ọmọ, ohùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí n kò gbọ́ rí, tí n kò sì fẹ́ gbọ́ mọ́.

Nígbà tí a gbé ọmọ padà dé ọsibítù, dókítà kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ó yẹ ojú ọ̀tún wò pẹ́, ó ní ohun tí òun ń bẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ṣì máa yọ òsì, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ jù fún ìyẹn láti gba ìkejì sílẹ̀, oògùn làwọn máa fi jà báyìí, òun ò sì lè ṣèlérí. Ó ti fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀. Bóyá báírò náà kọ, bóyá kò kọ, mi ò rò pé Ìyá Àmì mọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ìwé fi ya, nọ́ọ̀sì ní láti mú òmíràn wá.

A jókòó ní kọ́rídọ̀ lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọlé. Ìyá Àmì ń sunkún láìdákẹ́, ó ń rò ó pé òun ló gún un, òun ló tún fi í sílẹ̀. Mo ní kí n ṣe bí àgbà, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran." Mo sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Má-bẹ̀rù ń gbálẹ̀ bọ̀ láti ìkángun kọ́rídọ̀, ó ní ká gbé ẹsẹ̀ sókè, a gbé e.

Wọ́n yọ ọ́ láìséwu, ọmọ sì jí. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń fún un loògùn, tí wọ́n ń kán omi sí ojú ọ̀tún, tí yàrá wà ní ìdajì òkùnkùn. Ojú náà mọ́ díẹ̀, pípọ́n rẹ̀ rọ. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má dán an wò títí òun á fi sọ. Ṣé Ìyá Àmì lè dúró?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo mú tíì àti búrẹ́dì lọ fún wọn, mo bá a níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sórí àpótí, ó na ọwọ́ síwájú ọmọ. Ìka mẹ́ta ló nà.

"Mélòó nìyí, ọmọ mi?"

Ẹyinjú wò ó. Ó na ọrùn síwájú, ó fà á padà sẹ́yìn. Ó wò ó pẹ́ títí.

"Méjì," ó ní.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́. Ìyá Àmì wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló ṣìṣe. Ó rọra ká ìka kẹta wọnú àtẹ́lẹwọ́.

"Méjì ni," ó ní. "O káre."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí orí rẹ̀ padà sórí ìrọ̀rí. "Ṣé àmì dáadáa nìyẹn, Màámi?"

Ìyá rẹ̀ wo ìka tó ká. Mo ti ń rò nínú ara mi pé, sọ bẹ́ẹ̀ ni fún un, kí ló kù tó lè bàjẹ́? Àmọ́ ó mi orí, ó sì na ìka tó ká padà.

"Kì í ṣe àmì," ó ní. "Ìka ni. Mẹ́ta sì ni mo nà, irọ́ ni mo pa fún ẹ. Gbà, fọwọ́ kà wọ́n."

Ọmọ náà na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ìyá rẹ̀ kàn nínú afẹ́fẹ́, ó mú ìka náà níkọ̀ọ̀kan. Ení. Èjì. Ó dúró díẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìkẹta. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dì í mú, kò fi sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ bá mi pe dókítà."